Ẹfun Ọjọ́ Kẹta

Alhájì Bùràímọ̀ ti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ bọ àárín bíríkì méjì, kọ́kọ́rọ́ náà sì wọ ibẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni fi ìka gún ẹ̀kọ.

"Ìyá Fareedah, ṣé èyí lò ń pè ní iṣẹ́? Ọjọ́ kẹta tí o dí ibí yìí rèé! Sìmẹ́ǹtì Teslim, ọjọ́ kejì ló ti le."

Sàwúdátù, ìyá Fareedah, sọ àpò ìdọ̀họ tútù tó fi ń bo ògiri kalẹ̀. Ilé bàbá Alhájì ni, ilé bíríkì pupa kan ní Ladi-Lak, tó ti wà kí wọ́n tó bí Alhájì fúnra rẹ̀. Oṣù kan gbáko ni Sàwúdátù ti ń ha àárín àwọn bíríkì tó ti jẹrà, tó ń fi ẹfun àti yanrìn dí i. Ìkarahun inú ọ̀sà ló sun di ẹfun náà, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ní gbogbo Ṣómólú àti Bàrígà, kò mọ bíríkìlà mìíràn tó ṣì mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì máa ń fi yangàn.

Wàyí o, Alhájì ní kó palẹ̀ mọ́. Teslim, bíríkìlà tó bá a ṣiṣẹ́ rí, ni yóò fi sìmẹ́ǹtì parí ìyókù.

Inú bí i. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohun tí wọn kì í sọ sí àgbà, ó sì gbé e mì.

"Alhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ẹ̀yìnkùlé."

Ibẹ̀ ni Teslim dí ní èṣí. Sìmẹ́ǹtì náà le koránkorán lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí Sàwúdátù ṣe fi ìdí irin tó fi ń ha ògiri kan bíríkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìmẹ́ǹtì náà, ojú bíríkì náà ṣí, ó já bọ́ sílẹ̀. Inú rẹ̀ rin gbindin.

"Omi tí ògiri mu lásìkò òjò, àárín bíríkì ló ń gbà jáde, sà. Sìmẹ́ǹtì ti dé e lẹ́nu. Ẹfun kì í dé e lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀ ló sì fi ń le. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú…"

"Kì í bàjẹ́, mo mọ̀ ọ́n." Ojú Alhájì ò tíì rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èérún bíríkì bàbá rẹ̀ sọ́wọ́. "Ìgbà wo ni tìẹ yóò wá le?"

"Oṣù kan, kọ́kọ́rọ́ ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Àmọ́ kó tó le tán pátápátá, á tó ogún ọdún, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ogún ọdún! Ṣé èmi ni màá rí i?"

"Àwọn ọmọ-ọmọ yín á rí i, sà."

Alhájì yí èérún tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wò. Ó ní, "Bá mi yọ sìmẹ́ǹtì yìí náà kúrò. Gbogbo rẹ̀."

Sàwúdátù gun àkàbà, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ iṣẹ́ kó tó rántí pé òun náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Òun náà lè má rí i. Ògiri yìí á ṣì máa le sí i lẹ́yìn òun, láìsí ẹni tó máa mọ orúkọ òun. Ó yà á lẹ́nu bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó.