Nọ́ńbà Ilé Àwọn Tí Kò Nílé

Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, òun ló sì fa ohun pupa tí gbogbo yín ń wò lẹ́rẹ̀kẹ́ mi yìí. Kọ́lápọ̀, gbé abẹ ẹ sílẹ̀ ná, irùngbọ̀n mi ò ní sá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí ẹ ń dúró de ìgẹ̀run, ẹ fetí sílẹ̀, torí mo ti rí i pé ẹ ń fi ojú bára yín sọ̀rọ̀ nípa mi.

Ọ̀sán ni mo wí o, mi ò wí òru. Ẹni tó bá ń gbowó oṣù ní káńsù kò nílò òru kó tó lá àlá. Orí tábìlì iṣẹ́ mi ni mo gbé orí lé, lẹ́yìn ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá, òjò sì ń rọ̀ lórí páànù. Ẹ sọ fún mi, ta ni irú oorun bẹ́ẹ̀ kò ní gbé lọ? Ó gbé mi lọ.

Ṣùgbọ́n kí n tó wọnú àlá náà, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí mo sùn lé lórí. Fáìlì kan ni. Ẹ rántí ìjì tó jà lóṣù tó kọjá, tó ṣí òrùlé àdúgbò Odò-Ẹran bí ìgbà tí èèyàn ṣí ọmọrí ìkòkò? Èèyàn mọ́kànlélógójì ló ti ń sùn ní yàrá ìkàwé méjì nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà náà. Ilé ìwé yóò wọlé ní Ọjọ́ Ajé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kí àwọn ọmọ tó dé. Káńsù ti fọwọ́ sí owó tí a ó fi tún sítọ́ọ̀ kòkó àtijọ́ ṣe fún wọn, kí wọ́n lè máa sùn síbẹ̀ títí wọ́n á fi rí òrùlé fi bo ilé wọn. Owó wà nílẹ̀, sítọ́ọ̀ wà nílẹ̀, àwọn tí yóò sùn síbẹ̀ náà wà nílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí Fátókun, èmi yìí, kọ "Ó pé" sórí fọ́ọ̀mù wọn, kí n sì buwọ́ lù ú.

Fátókun ò kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù náà ò pé ni. Èmi ni mo ṣe fọ́ọ̀mù ọ̀hún fúnra mi, mo sì ti gbé e káàkiri ọ́fíìsì kí wọ́n lè yìn mí. Ìlà kìíní, orúkọ. Ìlà kejì, ọjọ́ orí. Ìlà kẹta, nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà. Gbogbo àwọn mọ́kànlélógójì ló fi ìlà kẹta sílẹ̀ lófìfo. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dá a padà fún wọn, tí mo fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà sórí ẹ̀ pé "Kò pé".

Ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Mojoyin ni wọ́n fi ṣe aṣojú wọn. Òun ló ń gbé fáìlì náà lọ, òun ló ń gbé e bọ̀. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta, tí mo tún mú bírò pupa, ó wò mí títí, ó ní, "Ọ̀gá, tí mo bá nílé tó ní nọ́ńbà, kí ni mo tún ń wá dé ọ̀dọ̀ yín?"

Mo ní, "Màmá, òfin ò mọ arúgbó."

Kò gba fáìlì náà padà mọ́. Ó fi í sílẹ̀ síwájú mi, ó sì jáde lọ. Ẹni ìjà ò bá ní í pe ara rẹ̀ lọ́kùnrin. Èmi ọkùnrin wá gbé orí lé e, mo sùn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ fi ẹ̀rín yín pamọ́, ẹ máa tó lò ó.

Nínú àlá náà, ilé ni mo ń lọ. Mo dé ojúlé mi, mi ò bá ilé níbẹ̀. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni. Ìlẹ̀kùn nìkan ló dá dúró bí ẹni tó ń retí ọkọ̀.

Mo ní, "Ẹ kú ìdúró."

Ìlẹ̀kùn ní, "Ẹ káàbọ̀ sà. Ilé ti jáde o."

"Ibo ló lọ?"

"Wọ́n ní kó wá fi ara ẹ̀ hàn ní káńsù. Wọ́n ní àwọn ò rí nọ́ńbà lára ẹ̀."

Kò yà mí lẹ́nu rárá. Mo tilẹ̀ rò ó lọ́kàn mi pé ilé tó bá ní láárí kò yẹ kó máa rìn kiri láìní nọ́ńbà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé mo ti bọ́ bàtà kí n tó mọ̀ pé kò sílé, ilẹ̀ sì tutù. Mo ní kí ìlẹ̀kùn bá mi ṣọ́ bàtà, mo sì padà sí káńsù láìwọ bàtà.

Káńsù ò sí nílẹ̀ mọ́. Òkè ló wà, ó ń léfòó lójú afẹ́fẹ́ lókè igi máńgòrò, wọ́n fi okùn ewúrẹ́ so ó mọ́ òpó iná kí ó má baà lọ jìnnà. Mo bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé báwo ni àwọn èèyàn ṣe ń gòkè.

Ó ní, "Ẹ kọ lẹ́tà."

Mo kọ lẹ́tà. Lẹ́tà náà gbá mi mú ní kọ́là, ó ń gbé mi gòkè, ó sì ń ráhùn. Ó ní lẹ́tà lòun, òun kì í ṣe alábàárù. Ó ní ẹ̀bà tí mo jẹ ti pọ̀ jù fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fi bírò kọ "Kò pé" lọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo wọ ọ́fíìsì mi, mo bá tábìlì mi tó jókòó sórí àga mi. Ó wọ awò ojú mi. Ó sì gbé ẹsẹ̀ méjì léra wọn, méjì tó kù wà nílẹ̀.

Ó ní, "Kí lẹ fẹ́?"

Mo ní, "Tábìlì, èmi ni o, Fátókun. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ọ."

Ó ní, "Mo mọ ìgbọ̀nwọ́ yín. Mo mọ itọ́ yín náà. Ojú yín tó là sílẹ̀ ni mi ò rí rí."

Mi ò bá a jiyàn. Mo ṣàlàyé fún un pé ilé mi ti jáde, pé ibi tí n ó sùn ni mò ń wá. Ó ti fọ́ọ̀mù kan sí mi. Ẹ ò mọ bí inú mi ti dùn tó nígbà tí mo rí i pé fọ́ọ̀mù tèmi ni! Mo ní, "Fọ́ọ̀mù yìí mà dára o, ta ló ṣe é?" Mo kọ orúkọ mi. Mo kọ ọjọ́ orí mi, mo yọ ọdún mẹ́rin kúrò níbẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Mo wá dé ìlà kẹta.

Mo ronú, mo ronú. Níkẹyìn mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ìlẹ̀kùn ṣì wà."

Bírò pupa fò jáde láti inú ife, kò sẹ́ni tó dì í mú, ó fa ìlà sórí ohun tí mo kọ. Òǹtẹ̀ kan náà fò dìde, ó kọjá lórí ìwé bí ẹni pé kò rí i, ó sì lù mí lẹ́rẹ̀kẹ́, gbàù! KÒ PÉ.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ rí Alága."

Wọ́n ń ṣe ìpàdé pàjáwìrì lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé. Ó ti lé lọ́dún kan tí ìpàdé pàjáwìrì náà ti bẹ̀rẹ̀, aláǹtakùn ti ta òwú láti orí káńsẹ́lọ̀ kan dé orí ìkejì. Alága wò mí tàánútàánú. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Fátókun, ọ̀rọ̀ yín ká wa lára. A ti ṣètò ibùsùn fún gbogbo ẹni tí ìjì lé jáde. A ti fọwọ́ sí i. Ẹnì kan péré là ń retí… mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni ìwo ń yọ lórí rẹ̀. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ó ti di òbúkọ, fìlà rẹ̀ sì wà láàárín ìwo méjèèjì. Àwọn káńsẹ́lọ̀ náà di ewúrẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi irùngbọ̀n nu tábìlì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Òbúkọ tó bá ti dé fìlà, àgbà ni.

Mo ní, "Ta lẹ̀ ń retí, sà?"

Òbúkọ ní, "Fátókun. Fátókun là ń retí. Ẹ ò rí i lọ́nà bí ẹ ti ń bọ̀?"

Mo wò yíká, mo ní rárá, mi ò rí i. Mo tilẹ̀ fi kún un pé àwọn òṣìṣẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń ba ìlú jẹ́. Ó mi orí, ó gba fọ́ọ̀mù mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ó jẹ orúkọ mi, ó ní ó dùn. Ó jẹ ọjọ́ orí mi, ó ní irọ́ pọ̀ nínú ẹ̀, àmọ́ irọ́ náà láta díẹ̀. Nígbà tó kan ìlà kẹta, ó tu ú síta. Ó ní, "Kò sí nǹkan níbí."

Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní, "Ẹ bá mi gbé e mì bẹ́ẹ̀, sà, ibi tí n ó sùn ló wà lórí ẹ̀." Ọ̀rọ̀ ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí ilẹ̀ yàrá náà fi ṣí, mo já bọ́ láti òkè.

Yàrá ìkàwé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo bọ́ sí. Àwọn èèyàn sùn kítikìti, àwọn kan lórí bẹ́ǹṣì, àwọn kan lórí ẹní. Bí mo bá ti sún mọ́ bẹ́ǹṣì kan, bẹ́ǹṣì náà á ní, "Ó ti kún o." Agogo ilé ìwé tó rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ọjọ́ Ajé ti dé odò. Ọjọ́ Ajé ti ń gun òkè bọ̀." Ẹ̀rù bà mí. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú àlá náà, ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rù ti bà mí.

Ìyá Mojoyin dìde láti ìdí ògiri. Mo ní ó ti tán, ọjọ́ ẹ̀san pé. Mo ń dúró kó bi mí ní nọ́ńbà ilé.

Ó ní, "Kí lorúkọ ẹ?"

Mo ní, "Fátókun, mà."

Ó ní, "O ti jẹun?"

Mo ní, "Mo ti jẹun, mà."

Ó ní, "Sún mọ́ ògiri níbẹ̀ yẹn. Kì í jò síbẹ̀."

Mo dúró. Mo ní, "Màmá, ìlà kẹta ńkọ́?"

Ó ní, "Ìlà wo?"

Ojú tì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi lè jókòó. Ibẹ̀ ni agogo ti lù. Ó ní Ọjọ́ Ajé dé! Gbogbo wọn dìde wọ́n ń ká ẹní, ọmọdé ń sunkún, Ìyá Mojoyin ń di ẹrù rẹ̀. Mo pariwo pé, "Ẹ dúró! Èmi ni Fátókun! Ẹ jẹ́ kí n buwọ́ lù ú!" Mo kọwọ́ bọ àpò, mo fa bírò jáde, ilá ni. Mo fi ilá náà buwọ́ lù ú, ó ń yọ̀, ó ń fà, kò hàn. Mo tún un kọ, ó ń fà. Wọ́n ti ń jáde lọ sínú òjò, èmi ṣì ń fi ilá kọ "Fá", mi ò tíì dé "tó".

Ni mo bá jí.

Òjò ṣì ń rọ̀. Òrùlé ọ́fíìsì wa ń jò, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, omi ń kán tó, tó, tó. Ṣùgbọ́n kò kán sí mi lára. Mo gbójú sókè, mo rí agboòrùn tí egungun rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ìyá Mojoyin, tó ti padà wọlé, ló dì í mú lé mi lórí.

Ó ní, "Ọ̀gá, ó ń jò sí yín lórí. Mo ní kí n má jí yín."

Mo ní, "Màmá, ẹ ti pẹ́ níbẹ̀?"

Ó ní, "Kò pẹ́. Ẹ sáà rọra ta jí."

Mo wo aago, ó ti lé ní wákàtí kan tí mo ti gbé orí lé tábìlì. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ rin gbingbin. Òun tí mo ní kò lè rí òrùlé gbà lọ́wọ́ ìjọba títí yóò fi sọ nọ́ńbà ilé fún mi, òun ló wá di òrùlé lé mi lórí, kò sì bi mí ní ohunkóhun.

Mi ò lè wò ó lójú. Mo mú bírò, mo kọ́kọ́ wò ó dáadáa bóyá kì í ṣe ilá. Mo fa ìlà sórí ìlà kẹta lórí fọ́ọ̀mù mọ́kọ̀ọ̀kànlélógójì, mo kọ "Ó pé", mo buwọ́ lù wọ́n. Fọ́ọ̀mù Ìyá Mojoyin fúnra rẹ̀ ló wà lókè pátápátá, itọ́ mi ti rin ín débi pé ìfọwọ́sí mi ń ṣàn lórí ẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fẹnu fẹ́ ẹ títí ó fi gbẹ. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹní wọn lọ sí sítọ́ọ̀ kòkó, mo kọjá níbẹ̀ kí n tó wá síbí.

Bó ṣe ń jáde ló bojú wẹ̀yìn, tó ń fi etí ìró bo ẹ̀rín. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín." Mo nù ún. Ìyàwó mi fi ọṣẹ àti kànrìnkàn bá mi bó o lálẹ́ àná, díẹ̀ ló kù kó bó mi lára. Kò lọ. Ohun tí mo fi bírò pupa kọ sórí ìwé yẹn ni itọ́ gbé lẹ̀ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà tí mo sùn lé e.

Ọ̀rọ̀ náà yí padà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, ọ̀tún ẹ̀ ti di òsì, ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè kà á látàárọ̀. Kọ́lápọ̀, gbé jígí ẹ wá. Gbé e súnmọ́ mi kí gbogbo wọn lè rí i. Ẹ̀yin tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹ kà á sókè kí n gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni. "Kò pé." Ìwé ọwọ́ mi ni, mi ò lè sẹ́ ẹ.