Ẹ̀rí Díákónì Akínkúnlé

"Ta ló pè yín?"

Oyèbísí na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ rẹ̀, Díákónì Akínkúnlé, nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, òógùn bò ó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí ẹnikẹ́ni. Níwájú Oyèbísí, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ àwọ̀ ewé gbé báàgì ńlá kọ́ èjìká. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni òun àti awakọ̀ rẹ̀ gbé wá, irú èyí tó ń kó èrò lọ sí ọjà Ogbete láràárọ̀, àfi pé funfun ni wọ́n kun èyí, wọ́n sì tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn rẹ̀.

"Na me call dem, Mama Kúnmi," Helen, aládùúgbò wọn, dáhùn láti ẹ̀yìn ọmọbìnrin náà. "Na di new number wey dem announce for church."

"My name na Sandra, ma," ọmọbìnrin náà wí. "Abeg, make I see Daddy. E no go cost you anything."

"Anything? Even for Freetown, nothing dey free!"

Ibẹ̀ gan-an ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í fu Oyèbísí. Ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń gbé ní Coal Camp, láàárín àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá, kò tíì rí ohun ọ̀fẹ́ kan tí kò ní ìwọ̀ nínú. Ó ṣe tán, ta ló ń fi kẹ̀kẹ́ gbé aláìsàn? Ṣé kì í ṣe ajọ́mọgbé ló wọ aṣọ nọ́ọ̀sì? Ṣùgbọ́n Díákónì hanrun lójijì, irú ìhanrun tí Oyèbísí kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Oyèbísí sọ apá rẹ̀ kalẹ̀.

Píjìn ni gbogbo wọn ń sọ síra wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n máa sọ ìyókù lédè tiwa.

Sandra kúnlẹ̀ ti Díákónì. Felix, tó wa kẹ̀kẹ́ náà wá, dúró lẹ́bàá tẹlifíṣọ̀n, ó ń tẹ fóònù. Oyèbísí ń fi ojú kan wo ọwọ́ Sandra, ó ń fi ojú kejì ṣọ́ Felix.

"Bọ̀dá, ta lẹ ń ránṣẹ́ sí?"

"Ọ́fíìsì wa ni, ma. Wọ́n ń bá wa wá ọsibítù tó ní bẹ́ẹ̀dì, ká má baà gbé bàbá káàkiri."

Ìdáhùn náà yá jù lójú Oyèbísí. Ibi tó ti ń rò ó ni Sandra ti gún Díákónì níka, tó fi ẹ̀jẹ̀ kan ẹ̀rọ kékeré kan. Oyèbísí mọ ẹ̀rọ náà. Irú rẹ̀ wà ní yàrá wọn, nínú agolo mílíìkì, lẹ́yìn àpò ìrẹsì.

"Ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an," Sandra wí. "Kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò lo oògùn. Ma, ṣé Daddy ní ìtọ̀ ṣúgà? Kí ló lò láàárọ̀ yìí?"

Kí Oyèbísí tó lanu, Helen ti gbà á sọ. "Tufiakwa! Ọlọ́run ti wò ó sàn! Ó jẹ́rìí níwájú gbogbo wa."

Òótọ́ ni. Níbi ìkórè èṣí, Díákónì dúró níwájú pẹpẹ, ó gbé ìwé àyẹ̀wò sókè, ó ní ìtọ̀ ṣúgà ọdún mẹ́ta ti pòórá. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì jó. Helen fúnra rẹ̀ tú ìró rẹ̀ òkè, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ó rìn kọjá lórí rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, èèrà tún bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí ibi tí Díákónì bá tọ̀ sí. Ta ni yóò wá padà lọ sídìí pẹpẹ lọ kó ẹ̀rí rẹ̀ kúrò nílẹ̀? Ó ń yọ́ oògùn lò. Nígbà tí ààwẹ̀ ọlọ́sẹ̀ kan dé, tó jẹ́ pé òun ni aṣáájú rẹ̀, Oyèbísí bi í pé ṣé ó ti dáwọ́ oògùn dúró, ó ní òun ti dáwọ́ dúró.

"Kò lo oògùn kankan," Oyèbísí wí.

Sandra wò ó, kò bá a jiyàn. Ó wá iṣan lápá Díákónì, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó gbé ìgò kan jáde.

"Kí lẹ fẹ́ fà sí i lára?"

"Omi ṣúgà ni, ma. Ẹ gbà, ẹ kà á."

Ó kà á lóòótọ́, títí kan ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ó dá a padà, ó wá ṣe bí ẹni tó fẹ́ mú aṣọ, ó wọ yàrá, ó fa agolo yọ. Páálí oògùn tí wọ́n jọ ṣí kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ kò kù ju ẹyọ méjì lọ. Ọkùnrin yìí kò dáwọ́ dúró rárá! Ó ń gbé oògùn mì, kò sì jẹun. Inú bí Oyèbísí débi pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn àlejò ló ti ń fura sí láti àárọ̀, ẹni tó yẹ kó fura sí sì sùn tì í lálẹ́ àná.

Nígbà tó padà sí pálọ̀, omi ṣúgà náà ti ṣiṣẹ́, Díákónì ti jókòó, ó fẹ̀yìn ti àga.

"Kí ni gbogbo èrò yìí ń wá nílé mi? Ààwẹ̀ lásán ló rẹ̀ mí. Ẹ máa lọ."

"Hallelujah!" Helen kígbe, ó sì fara ti ògiri.

"Daddy," Sandra wí jẹ́jẹ́, "ẹ lè buwọ́ lu ìwé pé ẹ ò fẹ́ lọ. A ò ní fipá gbé yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti lo oògùn ṣúgà, oògùn yẹn ṣì wà lára yín. Á tún fa ṣúgà yín wálẹ̀ láìpẹ́, ó sì lè má sí ẹni tó máa mọ̀ títí ẹ̀mí á fi bọ́."

Díákónì gba bírò. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó fi Yorùbá sọ ọ́, kí àwọn yòókù má baà gbọ́.

"Ìyá Kúnmi, ẹ jọ̀ọ́. Ikú yá ju ẹ̀sín."

Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn, Oyèbísí rò ó, kò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè. Ẹ̀rù ọkọ rẹ̀ ń bà á, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é. Síbẹ̀, ó padà sí yàrá, ó gbé agolo náà jáde ní gbangba, ó ṣí i, ó gbé e lé Sandra lọ́wọ́.

"Ó ní ìtọ̀ ṣúgà. Èyí ló ń lò, ó sì lò ó láàárọ̀ yìí láìjẹun."

Díákónì tẹ orí ba, ó fi bírò sílẹ̀. Nígbà tí Felix àti Sandra gbé e, kò jà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni àyè wà fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn. Oyèbísí fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ nígbà tí Helen di aṣọ rẹ̀ mú. Oyèbísí ti múra sílẹ̀ fún èébú.

"Mama Kúnmi," Helen rọra wí, òógùn ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀, "oògùn yẹn... tèmi náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo lò ó láàárọ̀ yìí. Èmi náà sì wà nínú ààwẹ̀."

Oyèbísí di ọwọ́ rẹ̀ mú ṣinṣin. Ó yíjú sí inú kẹ̀kẹ́.

"Nọ́ọ̀sì Sandra," ó pè, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mú ẹ̀rọ yẹn wá."