Etí Fótò Tí Wọ́n Ká Sẹ́yìn

Ìyá Ràdíátù ò rí irú rẹ̀ rí. Fótò ọkọ rẹ̀ olóògbé, tó ti wà lára ògiri ilé wọn l'Ólódì-Àpápá láti ọgbọ̀n ọdún, ló ń rìn nínú kọ̀ǹpútà. Láwàlì ọkọ rẹ̀ dúró létí omi, nígbà tí ẹja ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ọkọ̀ epo lọ, ó gbé Hussainat ọmọ wọn, tó ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, sọ́wọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ ìpẹja ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Erékùṣù Snake Island ń rọra lọ lọ́ọ̀ọ́kán.

"Háà! Hussainat, ta ló gbé kámẹ́rà padà síbẹ̀?"

Kátúùnù, àwòrán tó ń rìn, ni iṣẹ́ Hussainat. Àdúà ọdún kan bàbá rẹ̀ ló ń ṣe èyí fún. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Màámi, kò sí kámẹ́rà kankan. Èmi ni mò ń fa àwòrán. Mo gé e sọ́nà mẹ́ta. Mò ń yára fa tiwájú, mò ń rọra fa tẹ̀yìn. Ojú yín ló ń rò pé ẹ̀ ń rìn."

"Ẹ̀yin ọmọ Ajégúnlẹ̀! Ojú àgbà lẹ tún wá fi ń ṣeré."

Ìyá ń retí ibi tí fótò máa parí sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá òsì Láwàlì. Àwòrán ò dúró. Etí agbádá yọ. Ọwọ́ kékeré kan yọ, ó di agbádá náà mú. Ọmọkùnrin kan yọ, ó wọ bàtà òsì sẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Ìyá sún mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Fótò ò fẹ̀ tó," ni Hussainat ń wí, "funfun ló ń yọ létí, ni mo bá tú u kúrò nínú férémù. Àṣé wọ́n ká etí ẹ̀ sẹ́yìn! Ọmọ aládùúgbò wo nìyí? Ẹ jẹ́ n yọ ọ́, màá fi omi bo ojú ibẹ̀."

Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnnì. Ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má fi omi bò ó! Omi ti bò ó nígbà kan rí. Ọmọ mi ọkùnrin ni. Ìkejì ẹ ni, ìbejì lẹ jẹ́."

"Ìkejì tèmi? Ẹ̀yin lẹ ní orúkọ ìyá yín lẹ fi sọ mí, pé kì í ṣe orúkọ ìbejì!"

"Irọ́ ni mo pa. Ọ̀sẹ̀ kejì tí a ya fótò yìí ló bọ́ lọ́wọ́ mi nínú ọkọ̀ ojú omi, tó sì rì. Lọ́wọ́ èmi, Hussainat. Ojú mi ò gbà á láti máa wò ó, ni mo bá ká a."

Hussainat yọ ìka rẹ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì.

"Bá mi fà á súnmọ́," ni ìyá wí.

Hussainat ń fẹ àwòrán náà díẹ̀díẹ̀, títí ojú ọmọ náà fi kún kọ̀ǹpútà, tí kò sí agbádá, tí kò sí omi mọ́.