Pákó Kẹta

Ilé eré ra pákó tuntun, wọ́n ní kí a kó ti àtijọ́ fún onílé-ìwẹ̀, kó fi dáná omi ìwẹ̀. Ara àwọn pákó yẹn ni bàbá mi àgbà, Genpachi, ti fi ogójì ọdún gbé àwòrán àwọn òṣèré kabuki, eré orí ìtàgé ilẹ̀ Japan, hàn, kí èrò etí odò Ósákà lè mọ ẹni tó ń ṣeré lóṣù náà.

Orí bébà ni wọ́n ń yà á sí, wọn a wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Bí eré bá parí, a ó fi omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ rin bébà náà, a ó ha á títí pákó yóò fi mọ́. Èèwọ̀ ni kí ojú eré tó ti kú wà lábẹ́ ojú eré tuntun. Èmi ni mo máa ń ha wọ́n láti kékeré, àfi pákó kẹta. Bàbá àgbà kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Mo rò pé wọn ò gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ mi ni. Wọ́n kú lésìí, n ò sì bi wọ́n rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, Ìyá àgbà jókòó ti pákó kẹta, wọn ò dìde.

“Kiyonojo wà lábẹ́ ibí yìí,” ni wọ́n wí. “Ọdún tí mo bí ìyá rẹ ni bàbá rẹ àgbà yà á. Wọn ò ha á kúrò rí. Mo fẹ́ rí i kí iná tó jẹ ẹ́.”

Tokuzo, tó jọ̀gá ilé iṣẹ́ ayàwòrán wa lẹ́yìn bàbá àgbà, bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ni Kiyonojo, ipa obìnrin ló máa ń ṣe, àwọn obìnrin gidi sì ń kọ́ ìrìn lára rẹ̀.

“Màmá! Gbogbo ìyàwó ilé ló ń kú lé e lórí nígbà náà. Ẹ ò tíì gbàgbé ẹ̀?”

“Panu ẹ mọ́. Ìgbà tí ò ń tọ̀ sórí ẹní lò ń sọ yẹn.”

“Kẹ̀kẹ́ ẹrù onílé-ìwẹ̀ ń bọ̀ lọ́sàn-án o. Mi ò lè dá a dúró.”

N kì í sábà sọ̀rọ̀ láàárín wọn. Mo sún mọ́ pákó náà.

“Ẹ jẹ́ n ha á,” ni mo wí.

“Èèmọ̀!” Tokuzo lanu. “Orie lóhùn!”

Mo gbé omi kaná. Bó bá gbóná jù, ọ̀dà á ṣàn lọ. Bó bá tutù, bébà ò ní gbà. Mo rin ín, mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí bébà òkè láti igun. Nígbà tí mo dé àárín, ojú Kiyonojo lẹ̀ mọ́ bébà òkè, ó bá a wá. Funfun báláú ló kù níbẹ̀.

“Ìyá àgbà, ẹ forí jì mí. Ojú rẹ̀ ti lọ.”

“Ta ló béèrè ojú? Wo ìsàlẹ̀.”

Ọwọ́ kan wà níbẹ̀ tó di abẹ̀bẹ̀ mú, ó yọ láti inú aṣọ aláró. Ìka ọmọńdinrín rẹ̀ wọ́. Ìyá àgbà gbé tiwọn lé e. Bákan náà ló ṣe wọ́.

“Ìdérí ìkòkò ìrẹsì ló ṣẹ́ ẹ,” ni wọ́n wí. “Kiyonojo wá jà níbí. ‘Ọ̀gá, ọwọ́ ta lẹ so mọ́ mi lápá?’ Bàbá rẹ àgbà ní, ‘Ọwọ́ tó se oúnjẹ tí ẹ jẹ níjẹta, tí ẹ ní kí wọ́n bù sí i.’”

Tokuzo ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó lọ mú ayùn wá. “Màmá, kí n gé ibẹ̀ fún yín?”

Ìyá àgbà gbé ọwọ́ wọn kúrò lórí àwòrán náà. “Rárá. Ọkọ mi ti rú èèwọ̀ yẹn tó nítorí mi. Orie, ha á.”

“Èmi?”

“Ìwọ ni. Ọwọ́ bàbá rẹ àgbà ló ń gbọ̀n bí wọ́n bá débẹ̀, kì í ṣe tìrẹ.”

Mo ha á títí pákó fi mọ́. Lọ́sàn-án, kẹ̀kẹ́ náà wá kó gbogbo pákó lọ.

Nírọ̀lẹ́, èmi àti Ìyá àgbà lọ sílé ìwẹ̀. Wọ́n rì dé ọrùn, wọ́n yọ ọwọ́ kan jáde, wọ́n ń wo ìka wọn.

“Omi òní mà gbóná o,” ni mo wí. “Ṣé kí n ní kí wọ́n bu tútù sí i?”

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí.