Ológbò Ìdí Òfì

"Ológbò tí kò lè sáré! Ṣé ẹ̀bẹ̀ ni yóò máa bẹ eku kí wọ́n má jẹ èlùbọ́ mi ni?"

Ohùn Àmọ̀kẹ́ gba gbogbo agbo ilé wọn kan ní Ìsẹ́yìn. Ọ̀kadà ló gbá ológbò náà lójú títì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì sì ti rọ. Mùstàfá, ọkọ Àmọ̀kẹ́, ahunṣọ, ló gbé e wálé bí ẹní gbé ọmọ ìkókó.

Mùstàfá jókòó sídìí òfì. Òwú rẹ̀ nà dé òdìkejì àgbàlá, níbi tí ó so ó mọ́ pákó tó to òkúta lé kí òwú lè le. Bó ṣe ń hun aṣọ ni pákó ń wọ́ bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ológbò wọ́ ara rẹ̀ gun pákó náà, ó sùn lé e. Mùstàfá dìde, ó yọ òkúta kan kúrò kí òwú má baà já, ó padà sídìí iṣẹ́.

Àmọ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wò wọ́n. Pákó ń sún, ológbò tẹjú mọ́ Mùstàfá. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe dáwọ́ dúró láti mu omi, inú tún bí i, ó nawọ́ sí ológbò tó wà lórí pákó.

"Bàbá Sodiqat, ẹ máa hun ún lọ, ẹ jọ̀ọ́! Ṣé ẹ ò rí i pé ọmọ ń bọ̀ sọ́dọ̀ yín ni?"