Omi Ìwẹ̀ Bàbá

Géètì ilé ẹ̀kọ́ kan ti já kúrò lára òpó rẹ̀, ni wọ́n bá ní kí Wẹ́dà wá jó o padà. Obìnrin ni Wẹ́dà. Iṣẹ́ irin jíjó tó ń ṣe ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pè é ní orúkọ àbísọ kò ju bàbá rẹ̀ lọ, àìsàn rọpárọsẹ̀ sì ti dá bàbá náà dùbúlẹ̀ láti ìgbà òjò tó kọjá.

Ó ń ha ìpẹtà kúrò lára irin lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin láti inú gbọ̀ngàn. Tíṣà ni àbúrò yìí níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn, òun ni wọ́n sì máa ń pè kó wá gba àwọn ọmọ níyànjú.

"Ẹ má sá fún ojúṣe yín," ni Tíṣà ń wí. "Ohun tó bá ń bà yín lẹ́rù gan-an ni kí ẹ kọjú sí." Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un.

Wẹ́dà gbọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kó tó jáde, òun ló gbé bàbá wọn kúrò lórí ibùsùn tó ti tọ̀ sí, òun ló fọ aṣọ, òun ló wẹ̀ ẹ́, tí bàbá ń kọjú sí ògiri nítorí ìtìjú pé ọmọ òun obìnrin ń rí ìhòòhò òun. Ọjọ́ Àìkú ni Tíṣà máa ń wá ní tirẹ̀. Á fín lọ́fínńdà, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, á ní, "Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́," á sì wo aago. Gbogbo ẹbí ń sọ pé ọmọ gidi ni.

Wẹ́dà ju irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò wọ gbọ̀ngàn, torí kò fẹ́ dójú tì í níwájú àwọn ọmọ. Ó dúró dè é lábẹ́ àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o," ni Tíṣà wí, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

"Ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn dùn. Ó yẹ kí ẹnì kan sọ irú ẹ̀ fún ìwọ náà."

Ẹ̀rín pòórá lójú rẹ̀. "Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Ìgbà wo lo fọwọ́ kan bàbá ẹ kẹ́yìn?"

"Ẹ mọ bí iṣẹ́ ṣe rí. Ẹ̀yin náà lẹ sì ń sọ pé kò sí wàhálà."

Ọ̀rọ̀ náà gún Wẹ́dà, torí òótọ́ ni. Nígbàkigbà tí wọ́n bá bi í, á ní kò sí wàhálà, á gbé ìbínú mì, á lọ máa fi òòlù lu irin bí ẹni pé irin ló ṣẹ̀ ẹ́. Kò bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀ rí. Ó rò pé ẹni tó bá lójú yóò rí i fúnra rẹ̀.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni mo sì pa," ló wí. "Wàhálà wà. Ẹ̀yìn ń dùn mí, inú ẹ sì ń bí mi débi pé tí mo bá gbọ́ ohùn ẹ, mi ò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ òní, ìwọ lo máa wẹ Bàbá."

Tíṣà wolẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn tó fi ń gba àwọn ọmọ níyànjú ti lọ. "Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bàbá tó máa ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé mi sókè ní kékeré. Mi ò lè wò wọ́n báyẹn."

Ó yẹ kí àánú ṣe Wẹ́dà. Àánú kò ṣe é. "Ta ló sọ fún ẹ pé ẹ̀rù ò ba èmi? Àràárọ̀ ló ń bà mí kí n tó ṣílẹ̀kùn yẹn."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Tíṣà wá. Kò fín lọ́fínńdà. Wẹ́dà gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀, ó na kànrìnkàn sí i, ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé. Ó fẹ̀yìn ti ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ tí nǹkan já bọ́, tí omi dà, tí Tíṣà ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú. Ó ń ṣe é bíi kó wọlé lọ gbà á ṣe, ṣùgbọ́n kò mira. Lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá wọn jáde, ó ń lọ́, ó wúwo: "Ṣé mọ́tò lò ń fọ̀ ni? Rọra."

Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu.

Nígbà tó jáde, ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù dé orúnkún, ọṣẹ wà lórí irun rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

"Mo ṣì ń bínú," ni Wẹ́dà wí. "Ó máa pẹ́ kó tó tán. Lọ nu ilẹ̀ yẹn, kí ẹnì kan má lọ yọ̀ ṣubú."

Tíṣà padà wọlé lọ nù ún.

Ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí Tíṣà ti ń kan ilẹ̀kùn, ó ti ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Wẹ́dà ṣílẹ̀kùn fún un, ojú rẹ̀ ṣì le koko.

"Omi wà lórí iná," ló wí, ó sì padà lọ sùn.