Òfin Gbà, Páìpù Ò Gbà

Nígbà tí ìjọba ṣòfin pé ẹni tó bá ní ilẹ̀ tí ilé kan ṣoṣo wà lórí rẹ̀ lè kọ́ méjì mìíràn kún un láìtọrọ àyè lọ́wọ́ aládùúgbò, kò sẹ́ni tínú rẹ̀ dùn ní àdúgbò Māngere tó ti Losaline. Ọmọ erékùṣù Tonga ni, opó sì ni. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fẹ̀ débi pé àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbá rúgíbì níbẹ̀, síbẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ yòókù ti kún inú ilé, inú gáréèjì ni Sulieti, àkọ́bí rẹ̀, ń gbé pẹ̀lú ọkọ àti ọmọ mẹ́ta. Bí òjò bá rọ̀, ògiri gáréèjì a máa làágùn, àwọn ọmọ a sì máa wúkọ́ mọ́jú.

Kì í ṣe pé Losaline ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú àtikọ́lé. Nígbà ayé ọkọ rẹ̀, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé kékeré kan sẹ́yìn, àmọ́ òfin ìgbà yẹn ní àfi kí aládùúgbò fọwọ́ sí i. Graham Pettit, òyìnbó tí ilé rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ilé náà yóò dí oòrùn mọ́ tòmátì òun, ó tún dìde nípàdé àdúgbò, ó ní ilé méjì lórí ilẹ̀ kan kò yẹ ọmọlúàbí. Ọdọọdún ni Losaline ń gbé ẹran tí wọ́n fi ewé kókò dì fún un lọ́jọ́ Kérésìmesì, ó sì ń jẹ ẹ́ tán. Ọkọ Losaline kò sọ̀rọ̀ ilé náà mọ́ títí ó fi kú.

Bí òfin tuntun ti dé, Hemaloto, ọkọ Sulieti, gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ó sì tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Wọ́n ṣì ń wá ayàwòrán ilé kiri nígbà tí Losaline rí pátákó "Ilé Títà" níwájú ilé Pettit. Kọ́lékọ́lé kan ló rà á, ó fẹ́ kọ́ ilé mẹ́ta síbẹ̀. Losaline bá Pettit níbi tó ti ń di ẹrù.

"Graham, tòmátì yín ńkọ́?"

Pettit lẹ ẹnu àpótí kan pa. Ó ní, "Losaline, mo ti dàgbà. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni mò ń lọ ní Tauranga. Òfin ló yí padà."

"Ẹ̀yin lẹ ní kò yẹ ọmọlúàbí."

"Ìgbà yẹn nìyẹn."

Inú bí Losaline gan-an. Ó padà sílé, ó ń tu ara rẹ̀ nínú pé, ó kéré tán, kò sẹ́ni tó lè dí òun lọ́wọ́ mọ́.

Ilé mẹ́ta náà, alájà mẹ́ta, yọrí kí àwòrán ilé Losaline tó parí. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì omi. Ó yẹ ilẹ̀ wò, ó ní páìpù tó ń kó omi ìdọ̀tí àdúgbò náà lọ ti kún, pé ilé mẹ́ta ọ̀hún ló gba àyè tó ṣẹ́ kù. Ó di ìgbà tí wọ́n bá ri páìpù tó tóbi jù ú lọ mọ́lẹ̀ kí Losaline tó lè kọ́lé, kò sì lè sọ ọdún tí ìyẹn yóò jẹ́.

"Ṣebí òfin ní kí n kọ́ ọ," Losaline wí.

"Òfin gbà, Màmá. Páìpù ni ò gbà."

Hemaloto ní, "Ká sáà máa pọn omi ìdọ̀tí wa sí garawa, ká máa gbé e lọ fún Pettit ní Tauranga." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Losaline bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé ní páìpù kì í ṣe tàwọn; àwọn tó ni páìpù ní àwọn kọ́ ló ṣòfin. Gbogbo wọn ló ń kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ síra wọn. Nígbà tí òtútù dé, wọ́n dá àbíkẹ́yìn Sulieti dúró sí ọsibítù nítorí àyà rẹ̀, dókítà sì ní ọmọ náà kò gbọdọ̀ sun gáréèjì mọ́.

Ilé tó ṣófo nítòsí kò ju ọ̀kan nínú mẹ́ta tó wà lórí ilẹ̀ Pettit lọ. Ibẹ̀ ni Sulieti gbà. Owó ilé náà ga débi pé Hemaloto fi iṣẹ́ alẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú kún iṣẹ́ ọ̀sán, àwọn ọmọ ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́. Láti ojú fèrèsé òkè, Sulieti ń wo ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ tẹ́, tí koríko ti bò.

Ọgbà onípákó ló wà láàárín ilé tuntun náà àti ẹ̀yìnkùlé Losaline. Losaline bẹ aṣojú onílé pé kó jẹ́ kí òun ṣí ojú ọ̀nà kékeré síbẹ̀ fáwọn ọmọ, kí wọ́n yé gba etí títì wá. Aṣojú ní kò ṣeé ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé, Losaline mú òòlù, ó yọ pákó mẹ́ta. Sulieti yọjú lókè, ó ní, "Màámi, wọ́n á lé wa jáde o!"

"Kí wọ́n wá bá mi," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì fi ẹsẹ̀ ti ìkẹrin.